Owó Orí Wálẹ̀, Ilé Iṣẹ́ Àpò Gbéra Sọ

                                        Ojúlé Kọkànlélógún,
                                        Òpópónà Oníbàtà,
                                        Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀.
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹsàn-án.

Ọwọ́yá, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn tó ń ro wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé àbúrò ti ga ju ẹ̀gbọ́n lọ. Bá mi sọ fún un pé kó rọra, aṣọ ti wọ́n lọ́jà. Bàbá wọn náà ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Kò sí àìsàn kankan nílé wa àfi ẹ̀rín. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rẹ́rìn-ín, ìhà ń dùn mí, mo sì ti da tíì sórí tábìlì lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí mo ti mú gègé. Fojú fo àbàwọ́n tó wà nígun òkè yẹn.

Jókòó dáadáa kí o tó ka ìyókù. Ọ̀gá wa ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa bọ̀ wá síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀gá wa kan náà ni o, Ọ̀gá Má-bínú, ẹni tó fi omijé lójú ní kí o máa lọ sílé lọ́dún méjì sẹ́yìn, tó sọ "má bínú" nígbà mẹ́tàdínlógún láàárín ìdajì wákàtí. Èmi ni mo kà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá kàn sọ pé máa bọ̀ báyìí, wàá ní mo ti tún bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́ mi. Jẹ́ kí n rò ó láti orí.

O mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà tí o fi ń lọ. Bí ọ̀gá bá ra awọ, tó ra okùn, tó ra síìpù, tó sanwó iná, owó orí ló ń gbọ́n ìyókù lá bí ẹni ń lá ọbẹ̀. Àwa mẹ́wàá di mẹ́fà. Àfi ìgbà tó di oṣù kìíní ọdún yìí tí rédíò sọ pé ìgbìmọ̀ ìlú ti gé owó orí àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké sí ìdajì. Ìdajì, ọ̀rẹ́ mi! Èmi tí mo jókòó ti rédíò ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Igbe tí mo ké pọ̀ débi pé ọkùnrin tó ń gé awọ gé e wọ́. Ọ̀gá sáré jáde, ó rò pé abẹ́rẹ́ gún mi ni. Nígbà tí mo sọ fún un, kò gbà. Ó ní kí gbogbo wa dákẹ́ títí wọn ó fi tún un sọ. A wá yí rédíò ká bí ẹni ń dúró de ọmọ tuntun. Nígbà tí wọ́n tún un sọ, ọ̀gá jókòó sórí òkìtì awọ, ó ní, "Ìdajì kẹ̀?" Lẹ́yìn náà ló wá bú sẹ́rìn-ín.

Àwọn kan lójú pópó wa fi tiwọn jẹ ayé. Onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè tó ń dun ojú. Ọ̀gá wa ò kun nǹkan kan. Ẹ̀rọ tí ń gé awọ ló rà, àlòkù ni, ó ń dún gbàù-gbàù bí ẹni ń jà, ṣùgbọ́n kí èèyàn tó gé ojú àpò kan tán, ẹ̀rọ yẹn ti gé méjìlá. Nígbà tí gígé wá yá ju rírán lọ, ó gba èèyàn mẹ́rin tuntun sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fi kún owó iṣẹ́ wa, ó sì fi èmi Ẹlẹ́rìn-ín jẹ olórí àwọn aránpò. Èmi! Èmi tí ẹ máa ń ní mi ò lè dákẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún!

Mo fi owó oṣù àkọ́kọ́ ra bàtà pupa lọ́wọ́ oníbàtà tó wà nísàlẹ̀ wa. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo rà á. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oníbàtà gun àtẹ̀gùn wá, ó wá ra àpò ilé ìwé fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Owó tí mo fún un ló tún gbé padà fún ọ̀gá mi! Owó náà ò ráyè sinmi. Gbogbo pópó wa bẹ̀rẹ̀ sí í rí bẹ́ẹ̀, ẹni yìí ń rà lọ́wọ́ ẹni yẹn, ẹni yẹn ń rà lọ́wọ́ ẹni yìí, ojú gbogbo èèyàn ń dán. Nínú oṣù kẹfà, ọ̀gá ní kí n kọ̀wé pè ọ́. Mo ti mú ìwé, mo ti mú gègé.

Ṣùgbọ́n o mọ iṣẹ́ tí ọkọ mi ń ṣe. Bọ́ọ̀sì kẹsàn-án ti ìgbìmọ̀ ìlú ló ń wà, èyí tó ń gba orí afárá kọjá wá sí pópó wa. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń wà á. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà dé bá a. Wọ́n ní owó orí tó ń wọlé ti dín kù, owó yẹn ni wọ́n sì fi ń ra epo sọ́kọ̀ tí wọ́n fi ń sanwó awakọ̀, nítorí náà bọ́ọ̀sì kẹsàn-án ò ní rìn mọ́ lẹ́yìn ìparí oṣù. Ó ka lẹ́tà náà sókè, ó ká a, ó ní kí la fẹ́ jẹ.

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò mọ ojú tí mo lè fi wò ó. Òfin kan náà tó gbé mi jókòó sórí àga olórí ló fa òun wálẹ̀ lórí àga awakọ̀. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, á dà bíi pé mo ń fi í ṣẹ̀sín. Bí mo bá sunkún, ojú mi á máa purọ́ mọ́ mi, nítorí inú mi ṣì ń dùn sí iṣẹ́ tèmi. Mo wá ń bọ́ bàtà pupa yẹn sẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé, bí ẹni jí i.

Òun náà ò ráhùn. Ó kàn ń tún ilé tò. Ó to ilé ìdáná wa débi pé ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá iyọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù lọ̀ ọ́ ní ìlú tó jìnnà réré, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni yóò máa wálé lẹ́ẹ̀kan. Ó gbà. Nígbà tí àbíkẹ́yìn wa gbọ́, ó bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ ò ní gbàgbé ojú mi?" Ọkọ mi dìde, ó lọ tún ilé ìdáná tò lẹ́ẹ̀kejì.

Níbi iṣẹ́ wa náà, ọ̀rọ̀ di adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Nínú àwọn mẹ́rin tuntun wa, mẹ́ta ń gbé òdìkejì afárá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn wá, wákàtí kan àbọ̀. Bí wọ́n bá dé, ẹsẹ̀ wọn á ti wú. Ọ̀kan tòògbé nídìí ẹ̀rọ, ó rán apá ẹ̀wù ara rẹ̀ mọ́ àpò! Àlùmọ́gàjí la fi tú u sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, méjì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Awọ tí ẹ̀rọ gé ga dé àjà, kò sẹ́ni tó máa rán an. Àwọn oníbàárà tó ń ti òdìkejì wá ò wá mọ́. Ọ̀gá ní kí n dá lẹ́tà rẹ dúró ná.

Lọ́jọ́ kan, ó dúró lójú fèrèsé, ó ń wo ibùdókọ̀ tó ṣófo. Ó béèrè láìwẹ̀yìn pé, "Ta tiẹ̀ ló ń wa bọ́ọ̀sì yẹn?"

Mo ní, "Ọkọ mi ni, mà."

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Ọkọ tìẹ? Òun ló ń kó àwọn òṣìṣẹ́ mi wá láti ọdún yìí wá, tí mi ò mọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó mú àpò rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni gbogbo àwọn oníṣọ́ọ̀bù ti ṣèpàdé, mo bá ọ̀gá mi lọ. Ọ̀gá ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ sọ fún ìgbìmọ̀ ìlú pé kí wọ́n gba díẹ̀ padà nínú ohun tí wọ́n gé, kí wọ́n fi gbé bọ́ọ̀sì dìde. Onígbàjámọ̀ fò sókè.

"Ẹ̀bùn tí wọ́n fún wa, ká tún gbé e padà? Èmi ti fi tèmi kun ilẹ̀kùn o!"

Ọ̀gá ní, "Orí mélòó lẹ gé lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

Ọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í fìka kà. Ìka ò tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ọ̀hún, ó jókòó.

Ọ̀gá wá ní, "Ẹ̀wù tó fẹ̀ jù, ẹ jẹ́ ká gé e. Òun ló mú wa gbérí, mi ò sẹ́. Àmọ́ ẹni tó bá gé e kọjá ìwọ̀n, ìhòòhò ló ń wá." Oníbàtà pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́bọ̀, àwa mọ́kànlélọ́gbọ̀n rọ́ dé ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú. Akọ̀wé tó wà níbi tí wọ́n ti ń gbowó orí rí wa lókèèrè. Ọ̀rẹ́ mi, gbàù ló ti fèrèsé! Ó ń ti inú bẹ̀ wá: "Ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ ni mo ṣòfin! Akọ̀wé lásán ni mí!"

Ọ̀gá kan fèrèsé. "A ò bá tìjà wá."

"Kí wá lẹ bá wá?"

"A fẹ́ kí ẹ fi kún owó orí wa ni."

Fèrèsé ṣí bí ìka kan, ojú kan yọ síta. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ." Ọ̀gá tún un sọ. Akọ̀wé ní ọdún méjìlélógún lòun ti wà nídìí fèrèsé yìí, òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó wá fọ́ọ̀mù títí. Fọ́ọ̀mù àbẹ̀dín wà, fọ́ọ̀mù ẹ jẹ́ ó di oṣù tó ń bọ̀ wà, ti àfikún ò sí níbì kankan. Ló bá mú ti àbẹ̀dín, ó fa ìlà sórí "ẹ dín in kù", ó kọ "ẹ fi kún un" sókè rẹ̀. Bó ṣe kọ ọ́ tán, ó wo ohun tó kọ, ẹ̀rín gbé e. Ó rín in títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́. Àwa náà ò lè dúró mọ́, onígbàjámọ̀ gan-an dì mọ́ ògiri.

Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ò tètè dáhùn. Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi rán àpò ìrìn-àjò ọkọ mi, mo fi awọ tó dára jù rán an, mo sì ń gbàdúrà pé kó má lò ó. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ló yẹ kó lọ. Ní Ọjọ́rú ni lẹ́tà dé. Wọ́n ní ìdá kan nínú ìdá márùn-ún ohun tí wọ́n gé ni wọn ó gbà padà, ìyókù á dúró bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì kẹsàn-án á sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ọkọ mi kà á, ó ká a, ó wọ yàrá. Mo gbọ́ tó ń tú aṣọ jáde nínú àpò, tó ń kọrin tí ohùn rẹ̀ ò bára mu rárá. Ibi tí mo dúró sí ni mo ti sunkún, ẹkún gidi nígbà yìí.

Òní ni ọjọ́ Ajé yẹn! O ò bá wà níbẹ̀! Gbogbo ará pópó ló jáde. Onígbàjámọ̀ fi ẹni tó ń gé lọ́wọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdajì orí. Bí bọ́ọ̀sì ṣe yọ, àtẹ́wọ́ sọ. Ọkọ mi sì gbójú síwájú bí ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni rí, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ le gbagidi. Èmi ti tẹ̀ lé e láti ilé lọ wọkọ̀ ní òdìkejì afárá. Mo ní kí n bá a sọ̀rọ̀, ó ní, "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá awakọ̀ sọ̀rọ̀." Àwọn èrò rẹ́rìn-ín mi. Àmọ́ mo ti rí i nígbà tí a dé orí afárá: ojú ọ̀nà mọ́ fo, kò sí ọkọ̀, kò sí èèyàn, kò sí ajá, ọkọ mi sì fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta gbáko.

Bí mo ṣe dé ibi iṣẹ́ ni ọ̀gá ní, "Ó yá, kọ lẹ́tà ọ̀rẹ́ rẹ yẹn báyìí." Bá mi kí Màmá, kí wọ́n má gbàgbé láti máa na ẹsẹ̀ wọn. Kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì sọ fún un pé ọkọ mi ní òun ń retí rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ọkùnrin méjì. Fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi, pàápàá èyí tó ń ga yẹn, bí ọwọ́ rẹ bá tó o. Fèsì ní kíá, nítorí mi ò lè pa irú ayọ̀ yìí mọ́ra pẹ́.

Èmi tí kì í ṣe ti ẹlòmíràn bí kò ṣe tìrẹ,

Ẹlẹ́rìn-ín