Arvil Ti Ń Bá Mi Díje Nítorí Ìwé Tí O Ń Kà

Pigeon Fork,
Kentucky.

Orlena ọmọ mi,

Mo kí ọ láti ilé, lórúkọ Olúwa tó fi ọ́ ta èmi àti ìyá rẹ lọ́rẹ nígbà tí gbogbo ayé ti ní ọmọ bíbí ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ò ń jẹun dáadáa? Ṣé Louisville ń fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú ọ? Ara tèmi le bí ara àgbàlagbà ṣe ń le, orúnkún òsì nìkan ló ń bá mi jà, ìyẹn náà kì í sì í ṣe lójoojúmọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì, kí ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ má gbàgbé ọ̀nà ilé, àmín.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Adìyẹ pupa tí o fẹ́ràn ti lọ yé sábẹ́ ilé níbi tí ọwọ́ mi ò dé. Ní ìpàdé oṣù ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí Alàgbà Fugate ṣe ń pe orin síwájú tí àwa ń gbè é, ikọ́ mú un láàárín ẹsẹ kejì, Ìyá Orpha tí etí rẹ̀ ti di sì wúkọ́ tẹ̀lé e kíkankíkan, ó rò pé ó wà nínú orin. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo yíjú sí ibi tí o máa ń jókòó kí a lè jọ rẹ́rìn-ín, mo wá rántí pé o ò sí níbẹ̀, ni mo bá gbé ẹ̀rín náà mì.

O kọ̀wé pé ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ inú yàrá lẹ ti máa ń gba ẹ̀kọ́, pé olùkọ́ á yọjú nínú kọ̀ǹpútà. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ inú yàrá náà ni, ṣebí ìwọ náà ní yàrá níbí? Kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ni wọ́n pè é, àdúgbò ta wá ni, nígbà tí àwa ò rí i ládùúgbò tiwa? O ní nẹ́tíwọ̀kì ò lè wọ àárín òkè tí a wà yìí. Mo ti gé igi ńlá méjèèjì tó dí ojú ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, ọ̀nà ti là gbayawu báyìí, bó bá ń bọ̀ kò sí ohun tó máa dá a dúró mọ́. Bí olùkọ́ náà bá sì fẹ́ wá fúnra rẹ̀, mo ti gbá yàrá òkè, Zella ìyàwó Arvil sì ti ṣèlérí pé òun máa ṣe kéèkì alápù tí wọ́n ń tò léra yẹn dè é.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mú bíírò nìyí. Àwọn ìbéèrè tí o fi ránṣẹ́ nípa òwò oyin ọkà wa tí à ń fi omi pòròpórò ọkà sè, tí o ní olùkọ́ ìṣàkóso òwò ní kí kálukú yín lọ fi òwò kan ṣe iṣẹ́, Zella bá wa tẹ̀ wọ́n jáde ní láíbìrì, mo sì ti ń dáhùn wọn láti òwúrọ̀ Mọ́ńdè. Wọ́n ní níbo ni àìlera òwò mi wà, mo kọ orúnkún òsì sí i àti ojú ọ̀tún Jude ìbaaka wa. Wọ́n ní níbo ni mo rí òwò yìí sí ní ọdún márùn-ún sí i, mo ní ibi tó wà náà ni, létí odò, nítorí agbada tí a fi ń sè é wúwo, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni máa gbé e. Wọ́n ní ta ni òṣìṣẹ́ mi, mo ní Jude tó ń yí ìfúntí ọkà. Wọ́n ní kí ni mò ń san fún un, mo ní ewé ọkà ni, pẹ̀lú kí n máa bá a họ ẹ̀yìn etí.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ló kó bá mi. Ó ní ta ni ń bá mi díje. Mo ronú títí oúnjẹ mi fi tutù. Orlena, ẹnì kankan ò se oyin ọkà mọ́ ní gbogbo agbègbè yìí. Àwọn tó ń sè é ti kú, àwọn ọmọ wọn ti kó lọ sí Ohio. Mo sì rí i lábẹ́ ìwé náà pé ẹni tó bá fi àlàfo sílẹ̀ máa pàdánù máàkì. Mo ní èwo lèyí, ṣé torí pé bàbá ọmọ ò rí ẹni bá díje ni ọmọ ò ṣe ní yege?

Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ Arvil lọ. Ìwọ náà mọ̀ pé láti kékeré la ti ń ṣọ̀rẹ́, òun ló kọ́ mi ní oyin sísè lọ́dún tí bàbá mi kú, àti láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí kò wá jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. A kàn máa ń wo ojú ọ̀nà ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó bá mi díje. Ó ní kí lòun ṣe mí. Mo ní kò ṣe mí ní nǹkan kan, ìwé Orlena ni. Ó ní àní bó bá jẹ́ ti Orlena ni, kò sóhun tí òun ò lè ṣe, ṣùgbọ́n òun ò gbin ọkà kankan lọ́dún yìí nítorí ẹ̀yìn tó ń dun òun, kí lòun fẹ́ fi bá mi díje? Mo wá fún un ní ìdajì oko mi. Zella ní orí àwa méjèèjì ti dàrú, pé láti ọjọ́ tí òun ti dáyé òun ò rí ẹni tó ń wá ọ̀tá lọ́wẹ̀ rí. Mo ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Arvil mú iṣẹ́ náà ní òkúnkúndùn. Ó kun pátákó kan, ó fẹ́ kàn án mọ́lẹ̀ lójú títì, ó kọ ọ́ sára rẹ̀ pé oyin Arvil dára ju ti Hobert lọ. Ó ké sí mi kí n wá bá òun dì í mú kí òun lè kàn án, mo sì dì í mú. Ó ní ṣé ọ̀rọ̀ náà ò le jù. Mo ní kò le tó.

Ì bá ti dára bẹ́ẹ̀, àfi bí mo ṣe dé ìbéèrè tó kẹ́yìn, tó ní kí ni àwọn àṣírí iṣẹ́ mi tí kò gbọ́dọ̀ dé etígbọ̀ọ́ ẹni tó ń bá mi díje. Zella ló kà á sókè, Arvil sì wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Àṣírí wo ni mo ní tí kì í ṣe òun ló kọ́ mi? Ṣùgbọ́n ó dìde, ó ní bí òfin bá ti sọ báyìí, kò yẹ kí òun tún máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, kí wọ́n má lọ sọ pé a jí ìdáhùn wò kí wọ́n sì fìyà rẹ̀ jẹ ọmọ náà. Ó gbé àga rẹ̀, ó lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe máa dá a dúró, nítorí máàkì rẹ.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, èmi á jókòó sí tèmi, mo sì ń rí Arvil lókèèrè tóun náà jókòó sí tiẹ̀, àwa méjèèjì ń wo ojú ọ̀nà kan náà. Ọkà ti gbó, orí rẹ̀ ti pọ́n. Ìwọ náà mọ̀ pé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí: ẹnì kan ní láti máa ki pòròpórò sínú ìfúntí, kí ẹlòmíràn máa gbọ́n ìfófó kúrò lójú agbada. Ìwọ lo máa ń gbọ́n ọn. Lẹ́yìn tí o lọ, Arvil ni. Báyìí kò sí ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ìrì dídì ò ní pẹ́ bọ́ sórí oko, bó bá sì ti bọ́ sí i, ó ti parí nìyẹn.

Lánàá Arvil wá sí ìdí ọgbà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ o, Jude ló bá sọ̀rọ̀. Ó sọ fún Jude pé rédíò ní ìrì dídì ń bọ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo ní kí Jude sọ fún un pé mo ti gbọ́. Ó họ ẹ̀yìn etí ẹran náà, ó wá bi í pé ṣé máàkì ọmọ náà ti jáde. Mo ní kí Jude dá a lóhùn pé kò tíì jáde. Ó ní ó dáa, òun á máa fara dà á nígbà náà, ó sì yísẹ̀ padà.

Orlena, mi ò fẹ́ dí ọ lọ́wọ́. Kàwé rẹ. Ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́ fún ọ, ilé yìí tóbi jù fún mi, àárò rẹ ń sọ mí, àárò Arvil náà sì ti wá ń sọ mí bí ẹni pé òkun ló là kọjá. Bá mi bẹ olùkọ́ yín kó tètè sàmì sí ìwé náà. Sọ fún un pé a ti díje tó, ó ti sú wa. Bó bá ní kò tíì tó, a ò ní jáwọ́, torí tìrẹ ni.

Owó ni mo tún fẹ́ tọrọ, má bínú. Owó ọkọ̀ ni. Má fi ránṣẹ́ sí mi, fún awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà ibí, kí ìwọ fúnra rẹ sì jókòó sínú ọkọ̀ náà. Ọjọ́ méjì péré, kí o bá wa gbọ́n ìfófó, ìwọ kì í kúkú bá ẹnikẹ́ni díje, o lè wà láàárín wa.

Ọlọ́run tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ tó wà ní Louisville kò ní gbàgbé tìrẹ. Ohun tí o bá kọ́ kò ní fò lọ lórí rẹ, ohun tí o bá dáwọ́ lé á jọ ọ́ lójú. O ò ní dá wà, ní orúkọ Jésù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Hobert Caudill.

Mo tún kọ èyí kún un: Arvil ní kí n kí ọ, ó ní ọmọ náà wu òun í rí. Kì í ṣe èmi ló sọ ọ́ fún o, Jude ló sọ ọ́ fún, mo kàn wà níbẹ̀ ni. Jọ̀ọ́, ṣàlàyé rẹ̀ fún olùkọ́ dáadáa, kó má fi yọ máàkì.