Bàbá Rẹ Lọ Gẹrun, Wọn Ò Gòkè Mọ́

Àjà kẹrìndínlógún,
Ọjọ́rú, lọ́wọ́ àárọ̀.

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú ara líle, kó má bá ẹnikẹ́ni lórí àìsàn. Èmi náà wà, mo dúpẹ́, àmọ́ ó rẹ̀ mí. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ mi báyìí, mo máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ mú un.

Mo rí ohun tí o kọ nípa ilé tí o fẹ́ rà fún wa ní ìlú tuntun tí ẹ̀yin ayàwòrán ilé ń yà, àjà ogójì, tí ọjà, ilé ìwòsàn àti ilé ìwé máa wà nínú ilé kan náà, tí ẹsẹ̀ ènìyàn ò ní í kan ilẹ̀ àfi bó bá wù ú. O ní bí gbogbo ayé ṣe máa gbé nìyẹn lọ́jọ́ iwájú, nítorí ilẹ̀ ti tán. O ní kí n fún ọ lésì kí oṣù yìí tó parí. Kí n tó dá ọ lóhùn, ó yẹ kí o mọ̀ pé bàbá rẹ ò sí nílé.

Wọ́n lọ gẹrun ni. Wọ́n dé fìlà, wọ́n wọ lífítì, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa. Kí wọ́n tó gẹrun náà tán, lífítì ti kọṣẹ́. Mo se oúnjẹ dè wọ́n títí, oúnjẹ tutù. Nígbà tí wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù làwọn máa sùn títí wọ́n á fi tún lífítì ṣe. Ó ti lé lóṣù kan báyìí, lífítì ò tíì gbéra.

Inú bí mi, ọmọ mi. Àtẹ̀gùn ṣáà wà. Àwọn ọmọléèwé ń gùn ún, ẹni tó ń ta omi ń gbé omi gùn ún. Bàbá rẹ tó fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn wa ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọn ò sọ rí pé ó rẹ àwọn, ló wá ń sọ fún mi pé atẹ́gùn ìsàlẹ̀ dára. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ wọ́n á pè mí, wọ́n á ní onígbàjámọ̀ kí mi, ó ní ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀. Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo sì rò pé ẹ̀rín ni wọ́n ń pa mọ́.

Iṣẹ́ mi náà ti dẹnu kọlẹ̀. Ta ló máa gun òkè tó báyìí wá bá aránṣọ? Oníbàárà kan dúró nísàlẹ̀ pè mí pé kí n ju aṣọ òun sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Aṣọ ìyàwó ni o. Aládùúgbò wa náà wá fọgbọ́n bi mí bóyá èmi ni mo lé bàbá rẹ jáde. Mo ní rárá, irun ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ náà sú mi pátápátá. Mo mú ìrọ̀rí wọn, mo ní màá lọ gbé e fún wọn, kí n sì sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi. Mo sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi rẹ̀ mí. Ní àjà kẹrin, mo rí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, mo jókòó. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ibẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fún mi lómi. Ló bá ń wo okùn ìwọnṣọ tí mo gbàgbé sọ́rùn. Ó ní, "Mà, ṣé ẹ̀yin ni ìyàwó bàbá tó máa ń wá jókòó síbí nírọ̀lẹ́?"

Mo ní bàbá wo? Ó ní bàbá tó ń sùn lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, tó ní aránṣọ ni ìyàwó àwọn. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gòkè bọ̀. Bí wọ́n bá ti dé àjà kẹrin, èémí wọn á tán. Òun ló gbé àga síta fún wọn. Wọ́n á sinmi, wọ́n á tún gbìyànjú, wọ́n á tún padà wá jókòó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ fóònù, wọ́n á pe ìyàwó wọn, wọ́n á ní ṣọ́ọ̀bù làwọn wà. Ó ní òun ti mú wọn lọ rí dókítà. Ọkàn wọn ló ti ń ṣàárẹ̀. Dókítà fún wọn ní oògùn, ó ní kí wọ́n máa rọra, kí wọ́n má sì kọjá ibi tí ara wọn bá gbà.

Mo sunkún lórí àga yẹn, èmi tí mo ti to èébú jọ láti òkè wá. Mi ò lọ sísàlẹ̀ mọ́. Mo dúró títí ìrọ̀lẹ́ fi lẹ́, mo wá gbọ́ ẹsẹ̀ wọn: wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n á dúró. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n fọwọ́ ti ògiri. Wọ́n ní, "Ìyá ọmọ mi, mi ò lè gòkè mọ́. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́." Mo fi ìrọ̀rí sí wọn lẹ́yìn. Mo ní irun yẹn yẹ wọ́n.

Láti ọjọ́ náà, èmi ń sọ̀, wọ́n ń gùn, àjà kẹrin la ti ń pàdé. Nọ́ọ̀sì ti gbé àga kejì síta. Àtigòkè padà ló ń pa mí.

Èsì rẹ nìyí, ọmọ mi. Mi ò bá ọjọ́ iwájú jà. Ilẹ̀ ti tán lóòótọ́, ènìyàn ò sì dẹ́kun ọmọ bíbí, ilé á máa ga ni. Ẹ máa yà á lọ. Àmọ́ má ra àjà ogójì fún wa. Ilé tí o bá máa rà, kó má ṣe kọjá ibi tí èémí bàbá rẹ dé. Bó bá sún mọ́ ilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó dúpẹ́. Bó o bá sì ń ya ti àwọn ẹlòmíràn, jọ̀wọ́, fi àyè àga sílẹ̀ lójú àtẹ̀gùn.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní í dójú tì ọ́. Àwọn ọmọ rẹ á dàgbà lójú rẹ, wọ́n á sì máa wá ọ wá nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ ò bá lè gbé ọ dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Àṣẹ.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Aránṣọ òkè.

Àfikún: Àwọn tó ń tún lífítì ṣe wá lánàá. Wọ́n wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, kí n sì sọ fún ọ pé irun àwọn ti tún hù.