Ààlà Oko Wa Ń Rìn

Hadiyyah, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Àbújá? Ṣé iṣẹ́ tíṣà ń lọ déédé? Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí ohùn há ọ lọ́fun níwájú àwọn ọmọ iléèwé. Àwa náà wà dáadáa ní Òkè-Oyì. Orúnkún ìyá rẹ ti rọ̀ díẹ̀, ewúrẹ́ dúdú sì ti bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn fi ojú jọ àbúrò mi, àmọ́ ìyá rẹ ní kí n má kọ ìyẹn.

Nígbà tí rédíò sọ pé ilẹ̀ mì lápá ọ̀dọ̀ yín, mi ò yé pè ọ́ títí o fi gbé fóònù. Àlàyé tí o ṣe lọ́jọ́ náà ò kúrò lọ́kàn mi. O ní ojú ilẹ̀ ayé pín sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ẹ̀yìn ahun, pé pulétì ni ẹ ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan (ìyá rẹ gbọ́, ó lọ ka àwọn àwo rẹ̀), pé wọ́n ń rìn, àmọ́ ìrìn wọn ò yá ju bí èékánná ṣe ń hù lọ. O ní ibi tí méjì bá ti kọ lu ara wọn, òkè á gbérí; ibi tí wọ́n bá ti ń fi ara wọn sílẹ̀, iná abẹ́ ilẹ̀ á yọ́ wá dí àlàfo; ibi tí wọ́n bá sì ti ń fi ara ha ara, ilẹ̀ á mì. O ní àwa jìnnà sí etí pulétì, kí n má fòyà. Ibẹ̀ ni mi ò ti gbà fún ọ, ọmọ mi, nítorí ó ti pẹ́ tí o dé oko gbẹ̀yìn.

O mọ Salahudeen tí oko rẹ̀ àti tèmi jọ pààlà. O mọ̀ pé poro ebè kan ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa, tó fi jẹ́ pé bí mo bá wà lápá òsì mọ́ṣáláṣí, apá ọ̀tún ni yóò lọ, tí mo sì ń pè é lólè ilẹ̀. Ní Jímọ̀ kan tí mo ń gé èékánná, ọ̀rọ̀ rẹ sọ sí mi lọ́kàn. Mo ro gbogbo èékánná tí mo ti gé láti ìgbà tí bàbá mi àti bàbá rẹ̀ ti gbin pèrègún sí ààlà yẹn, mo rí i pé bí a bá so wọ́n mọ́ra, fífẹ̀ ebè kan gan-an ni yóò jẹ́. Mo sáré lọ wo ebè ààlà, ó ga ju àwọn yòókù lọ. Ojú mi là. Pulétì Salahudeen ló ń kọ lu tèmi. Ẹni tí ilẹ̀ gbé wá ni mo ń bá bínú.

Mo wẹ̀, mo wọ jálábíà tí o rà fún mi, mo lọ bá a nílé, mo ṣe àlàyé náà fún un bí o ṣe ṣe é fún mi, mo ní olè kọ́ ni, pulétì ni. Salahudeen ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Bàbá Hadiyyah, ilẹ̀ ò rìn. Ọkọ́ mi ló rìn."

Ṣé o rí inú rere, ọmọ mi? Ọkùnrin yẹn fẹ́ gba ẹ̀bi ilẹ̀ rù kí ojú má baà tì mí. Mo ní kó má parọ́ mọ́ ara rẹ̀. Ó tún un sọ, ó búra. Mo ní kó yé búra lórí iṣẹ́ Ọlọ́hun. Bó ṣe bú sẹ́kún nìyẹn, ẹkún mú èmi náà, Sadiya ìyàwó rẹ̀ sì gbé kúnú wá fún wa. Ìyá rẹ nìkan ló ń rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí mo ti sọ fún un, kò sì sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Salahudeen ní òun á dá poro náà padà. Mo ní kó fi í sílẹ̀, bí ilẹ̀ bá tún rìn padà ńkọ́? A wá jọ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, ẹni tébi bá ń pa ni kó gé e. Jímọ̀ tó kọjá, sáfù kan náà la ti kírun, èjìká kan èjìká.

Jọ̀ọ́, bí owó oṣù bá wọlé, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra téèpù gígùn tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn ilẹ̀, nítorí mo fẹ́ máa ṣọ́ bí ààlà náà ṣe ń rìn. Ìyá rẹ náà ní kí n má gbàgbé òróró tí òun fi ń pa orúnkún. Salahudeen ń kí ọ gan-an. Ó ní òun ò mọ ohun tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní Àbújá, àmọ́ kí o má dẹ́kun kíkọ́ wọn.

Ilẹ̀ ò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ibi tí o bá dúró sí, Ọlọ́hun á bá ọ mú un dúró. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abdulmumini