Sípíkà Méjì Tí N Kò Wọ̀n

Ṣọ́ọ̀bù wa, Ọ̀wọ̀,
Ọjọ́ Sátidé.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí yín kú iṣẹ́ oko, mo sì kí gbogbo ará ilé ní Okeluse. Mo gbà á ládùúrà pé kí ara yín máa le, kí òjò tó ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín má sì ba kòkó jẹ́. Ara tèmi náà le, ṣùgbọ́n àyà mi kò tíì balẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu tèmi kí àwọn awakọ̀ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ yín.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Christopher, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, gbé mọ́tò rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù kí n bá a so ẹ̀rọ ohùn sí i. Ó ti ra ámpù kan, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, àti wúfà méjì, àwọn sípíkà ńlá tí ohùn wọn máa ń mi àyà. Wọ́n kọ ọ́ sára ámpù náà pé ohun tí a bá so mọ́ ọn kò gbọdọ̀ kéré ju óòmù méjì lọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí óòmù, ìwọ̀n ìdènà tí sípíkà fi ń dí iná lọ́nà, bá ṣe ń kéré sí i ni iná tí ámpù ń tì jáde á máa pọ̀ sí i, títí yóò fi jó ara rẹ̀. Óòmù mẹ́rin mẹ́rin ni àwọn sípíkà tí a sábà máa ń rí. Bí mo bá so méjì irú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, óòmù méjì ni ámpù yóò rí, yóò sì gbé e. Bí mo ṣe so ti Christopher nìyẹn. Bébà tí wọ́n kọ óòmù sí lẹ́yìn sípíkà rẹ̀ ti ṣí kúrò. Mítà tí a fi ń wọn óòmù wà lórí tábìlì, bí mo bá nawọ́, ọwọ́ mi á tó o. N kò nawọ́. Mo fẹ́ bá ìrun Jímọ̀, ó sì dá mi lójú pé mo mọ iṣẹ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, Christopher àti ìyàwó rẹ̀, Yétúndé, ń bọ̀ láti Emure-Ile. Ìyàwó ló kọ́kọ́ gbóòórùn rọ́bà tó ń jó. Kí ọkọ tó rí ibi yà sí, èéfín ti kún inú mọ́tò, iná sì ti mú kápẹ́ẹ̀tì búùtù tí ámpù wà. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ìyàwó há. Ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ fọ́ gíláàsì, ó sì fà á gba ojú fèrèsé jáde. Bàbá, oyún oṣù méje wà nínú obìnrin náà. Nígbà tí mo gbọ́, orí bátìrì ògbólógbòó kan ni mo jókòó sí, n kò sì mọ ohun tí mo jókòó lé. Ọlọ́run ṣàánú, ìyá àti oyún yè. Àwọn ará ọ̀nà da yanrìn sí iná náà, ẹ̀yìn mọ́tò nìkan ló jó.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Christopher wọlé wá. Báńdéèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ọ̀kan nínú àwọn sípíkà náà dání. Mo rò pé ọlọ́pàá ń tẹ̀lé e bọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ń bẹ̀ mí. Ó ní òun ló yí ohùn sókè ju bó ṣe yẹ, tí òun fi ba iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹ́. Mo mú mítà, mo fi kan sípíkà tó jó létí náà. Óòmù méjì. Méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì, óòmù ẹyọ kan ṣoṣo ni mo so mọ́ ámpù náà lọ́rùn. Ká ní mo so wọ́n tẹ̀ lé ara wọn ni, pupa èkíní mọ́ dúdú èkejì, ì bá di mẹ́rin, ewu kankan kì bá sí.

Ká ní mo dákẹ́, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Mo sọ fún un pé, “Ẹ̀bi yín kọ́, sà. Èmi ni n kò wọ̀n ọ́n.” Ó gbé sípíkà rẹ̀, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, Yétúndé fúnra rẹ̀ dé. Mo kúnlẹ̀, ó ní kí n dìde, kí n ya bí mo ṣe so wáyà náà sórí bébà. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni, ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan níbí. Ó wo àwòrán náà tán, ó ní, “Lọ́la, wá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi.” Mo rò pé n kò gbọ́ ọ dáadáa. Èmi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sun ún mọ́nú mọ́tò!

Mo lọ lánàá. Mo ya èyí tí mo ṣe àti èyí tí ó yẹ kí n ṣe sójú pátákó. Ọmọbìnrin kan béèrè ìdí tí n kò fi wọ̀n ọ́n nígbà tí mítà wà nítòsí. Yétúndé jókòó lẹ́yìn kíláàsì, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, òun náà ń dúró de èsì. Mo ní, “Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n ni.”

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe mọ́tò ṣì wà nílẹ̀, èmi àti Christopher yóò jọ jókòó sọ ọ́. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Kí Ó dá yín sí fún wa, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́, kí a sì gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ lọ́dọ̀ obìnrin yẹn.

Èmi ni ọmọ yín tòótọ́,
Kúbúrá.

Àfikún: Jamaldeen àbúrò mi, ìwọ tí ò ń ka lẹ́tà yìí sí Bàbá létí, má fo ibi mítà o. Kà á bí mo ṣe kọ ọ́.