Ewúrẹ́ Tí A Jẹ Tawọtawọ

Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́,
Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Mubaraq ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ẹ gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìwọ, aya àti ọmọ tuntun. Ara wa le níbí. Orúnkún mi pàápàá ti ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

Marufat àbúrò rẹ ti Ọjà Igbó dé lánàá. Ó ní ìwọ ni Honorébù Fọlábí tó ń du ipò yàn láti ṣáájú àwọn oníṣẹ́ awọ tó fẹ́ wá ti ṣọ́ọ̀bù àwọn Háúsá ní Sábó Ọ̀yọ́ níbí pa ní Sátidé, nítorí báàgì oníke tí wọ́n ń tà, èyí tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wọ̀lú, tí kò jẹ́ ká rí tiwa tà. Inú bí mi, àmọ́ n kò lè bú ọ. Èmi náà ti pàtẹ́wọ́ fún Honorébù yìí rí.

Oṣù tó kọjá ló wá sí ìsọ̀ wa. Ó gbé báàgì pupa tí mo rán sókè, ó ní, "Láti orí awọ dórí òwú, ti Yorùbá ni! Àwọn àlejò Sábó ló ń jẹ oúnjẹ yín!" Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ó ti pẹ́ tí ẹni ńlá kan ti yà kí wa, orí mi wú.

Nígbà tí mo délé, ìyá rẹ bi mí pé, "Bàbá Mubaraq, ewúrẹ́ tí ẹ pa nígbà ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ yín, awọ rẹ̀ dà?" Mo ní a ti jẹ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òótọ́ ni. Àwa ń fi iná jó irun ewúrẹ́, a sì ń jẹ ẹ́ tawọtawọ. Gbogbo awọ tí mo fi tọ́ ọ dàgbà, Àlájì Gámbo ní Sábó ló ń bá mi gbà á láti òkè Ọya. Ìgbà tí a ò rà á dáadáa mọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta oníke, káwọn ọmọ rẹ̀ lè jẹun. Ẹni tó ni ọkọ̀ ojú omi, a ò mọ ilé rẹ̀. Ẹni a lè mú là ń lèdí mọ́.

Mo ti bá Gámbo sọ̀rọ̀, ó ní kí n wá pàtẹ iṣẹ́ wa síwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan awọ gidi yóò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ní Sátidé, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni n ó jókòó sí, tí n ó máa rán báàgì. Bí ẹ bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn náà, bàbá rẹ ni wàá kọ́kọ́ gbé kúrò níbẹ̀. Mo mọ ọmọ tí mo bí.

Ọlọ́run á fi alùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kò sì ní jẹ́ kí ọgbọ́n rẹ pẹ́ dé.

Èmi ni bàbá rẹ tó fi abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lé ọ lọ́wọ́,
Mashood.

Àfikún: Ìyá rẹ ní bí o bá ti Sábó pa, kí o máa bó awọ gbogbo ewúrẹ́ tí o bá pa ránṣẹ́ sí mi, kí ìwọ máa jẹ ẹran lásán. Mo ti mọ èsì rẹ. Mú abẹ́rẹ́ rẹ dání bọ̀ ní Sátidé.