Ẹ̀rọ Tó Ní Nàìjíríà Ò Sí

Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Ògúnjìnmí,
Apple Junction,
Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
13 Oṣù Kẹta, 2025.

Olúṣẹ̀yẹ, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé orúnkún ìyá àgbà yín ò dà wọ́n láàmú mọ́? Ìyàwó ńkọ́, ọmọ ńkọ́? Ṣé ewúrẹ́ yín tó jẹ bàtà mi lọ́jọ́ Kérésì ṣì wà láyé? Ara tèmi le, àfi ojú tó ń ta mí díẹ̀. Wàá mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Jọ̀ọ́, ka lẹ́tà yìí tán kí o tó tú àpò tí dẹ́rẹ́bà gbé fún ọ. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù nítorí mo mọ̀ ọ́: èébú ni wàá fi bẹ̀rẹ̀, mi ò sì ní rí àyè parí ọ̀rọ̀.

Jẹ́sì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa ló wà nínú àpò náà bí mo ti ṣèlérí. Mi ò gbàgbé bí àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò ṣe fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dún tó kọjá, pé síńgílẹ́ẹ̀tì la wọ̀ wọ pápá bí ẹni tó fẹ́ wẹ̀. O búra lójú gbogbo wọn pé lọ́jọ́ Àìkú yìí, Ẹgbẹ́ Ẹkùn Òkè-Àgbọn á wọ jẹ́sì tí orúkọ wa wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà sì búra fún ọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn.

Ọ̀gá mi ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan tó ń fi òwú kọ orúkọ sára aṣọ. Ẹ̀rọ náà ń dán bí orí Tíṣà Adédìran. Àmọ́ kò ní ṣiṣẹ́ àfi tí o bá gbé áàpù rẹ̀ sórí fóònù, áàpù náà á sì kọ́kọ́ béèrè orílẹ̀-èdè rẹ. A wo gbogbo orúkọ tó tò síbẹ̀, Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ará wọn ò lè kún àdúgbò Festac níbí.

Wùnmí, tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, ní ká mú Ṣáínà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà. Mo ní mi ò ní parọ́ fún ẹ̀rọ. Ọmọ Òkè-Àgbọn ni mí.

"Bọ̀dá Ọlákìtán," Wùnmí ní, "ṣé ẹ̀rọ fẹ́ wá kí bàbá yín nílé ni? Ẹ jẹ́ ká di ará Ṣáínà títí di ìrọ̀lẹ́, àá padà wálé."

Ọ̀gá ní kí n gbé orí kunkun mi jókòó. Bí a ṣe di ará Ṣáínà nìyẹn.

Bí Wùnmí ṣe tẹ̀ ẹ́, ohùn obìnrin kan jáde, ohùn àgbàlagbà, ó ń sọ èdè wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wùnmí ti kúnlẹ̀ kó tó mọ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Láti ọjọ́ náà la ti ń pe ẹ̀rọ ní Màmá. Kò sí ẹni tó ń kọjá lára Màmá láàárọ̀ láìkí wọn. Èmi tí mo ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà ti ń dọ̀bálẹ̀.

Nígbà tó kan jẹ́sì wa, mo tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sínú fóònù. Màmá sọ̀rọ̀, bọ́tìnì méjì yọ, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ewé. Ó hàn pé ìbéèrè ni wọ́n ń bi wá. Mo ní kí ni ká tẹ̀.

Wùnmí wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé ẹ fẹ́ sọ fún àgbàlagbà pé rárá ni?"

Kò sí ọmọ tó kó ẹ̀ṣọ́ láti ilé tó máa tẹ pupa. Mo tẹ aláwọ̀ ewé, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́tà Ṣáínà ló ń jáde, òdòdó kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A rò pé wọ́n bá wa túmọ̀ Ẹkùn ni. Ọ̀gá pàápàá ní ẹkùn Ṣáínà á burú ju tiwa lọ. A ṣe gbogbo rẹ̀ tán.

Àná ni mo gbé ọ̀kan lọ sí Mazamaza láti fi yangàn fún Rosaline, tó ń bá ará Ṣáínà kan ta táìlì. Ọ̀gá rẹ̀ wo ẹ̀yìn jẹ́sì, ó di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Rosaline wá là á yé mi: ẹ̀rọ náà ti lẹ́tà tiwa pa mọ́ ẹni tó bá ti pe ara rẹ̀ ní ará Ṣáínà. Ohun tí Màmá ń béèrè ni pé àwọn ò lè kọ èyí, ṣé kí àwọn kọ àpẹẹrẹ tó wà lọ́wọ́ àwọn? Àpẹẹrẹ náà ló wà lẹ́yìn gbogbo jẹ́sì Ẹgbẹ́ Ẹkùn: "Ẹ kú ọjọ́ ìbí, Ìyá Àgbà."

"Ọlákìtán," Rosaline ní, "ìyá àgbà ta ni?"

Mo ká jẹ́sì, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo gbìyànjú láti tú ọ̀kan, aṣọ fẹ́ ya, mo fi í sílẹ̀. Mo wá fi ọwọ́ kọ Ẹkùn gàdàgbà sí àyà tìẹ, nítorí ìwọ ni kápútẹ́ẹ̀nì. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn ló ń ta mí lójú. Ọwọ́ mi ò lè dé ara tàwọn yòókù kí dẹ́rẹ́bà tó gbéra.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ pápá lọ́jọ́ Àìkú, kí o fi ìyá àgbà yín jókòó. Kí àwọn ọmọ wa tò síwájú wọn, kí wọ́n tọrọ àforíjì, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wọn, kí wọ́n sì kí wọn kú ọjọ́ ìbí. Ìyá àgbà fúnra wọn ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, ọdún tí eéṣú jẹ oko ni wọ́n máa ń wí. Ta ló fẹ́ jiyàn pé kì í ṣe ọjọ́ náà? Bí Ìsàlẹ̀-Odò bá rẹ́rìn-ín, bi wọ́n léèrè ìyá àgbà tiwọn tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọ irú aṣọ yìí fún rí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi so ewúrẹ́ yẹn mọ́lẹ̀. Wùnmí ní ká kí yín. Màmá náà ì bá kí yín, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ibi tí Òkè-Àgbọn wà.

Èmi ni tìrẹ, ẹ borí o, ẹ ò borí o,
Ọlákìtán.