Ọwọ́ Òsì Nínú Apẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Mi

                                        Yàrá Òkè, Ilé Alátùn-únṣe Aago,
                                        Ẹ̀yìn Ọgbà Ilé-Ìwé,
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹsàn-án.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Aríwo,

Báwo ni ilé? Ṣé àlàáfíà ni ọkọ rẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ń fi eyín tuntun gé gbogbo ayé jẹ? Ìyá ọkọ rẹ tí ẹsẹ̀ ń dùn, ṣé ó ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa? Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi. Lẹ́tà rẹ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi tí mi ò dáhùn, o sì ti máa sọ fún ọkọ rẹ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ti di olówó, kò rántí ẹnikẹ́ni mọ́. Owó kọ́ o, òwú ni. Jọ̀ọ́, má bínú, kí o sì fi ara balẹ̀ ka èyí, torí mi ò rí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ọkọ mi, Bọ̀dá rẹ, ń kí ọ. Ó ti kúrò ní ẹni tí a ń fi ṣíbí bọ́. Ó ń dìde jókòó fúnra rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá rìn láti ibùsùn dé ojú fèrèsé bí mo bá di apá rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà ti ń já gaara, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè máa wá ọ̀rọ̀ kan títí, bí ìgbà tó bá ń wá ìdè aago tó já bọ́ sábẹ́ tábìlì. Ọwọ́ ọ̀tún ni kò tíì gbọ́. Ọwọ́ tó fi ń tún aago ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀, ó kàn wà lórí itan rẹ̀ báyìí ni, bí ohun tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ wà ní títì. Àwọn aago inú rẹ̀ dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan torí kò sí ẹni tó ń wáìn wọn, ilé tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ láti ìgbà tí mo ti wọ̀ ọ́ bí ìyàwó sì wá pa rọ́rọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ti tì, iṣẹ́ ọwọ́ mi ló kù tí a gbójú lé, ìwọ náà sì mọ̀ pé ẹnu mi kò mọ bí a ti ń sọ pé rárá. Ọmọ apoògùn iwájú ilé wa fẹ́ bímọ, ó ní kí n fi kóróṣè hun aṣọ ìbora fún ọmọ náà. Àwọn olùkọ́ ilé-ìwé kó àjákù aṣọ wọn wá, pé kí n rán an pọ̀ di aṣọ ìtẹ́bùsùn fún ọ̀gá wọn tó ń fẹ̀yìn tì. Onígbàjámọ̀ fẹ́ kí n fi abẹ́rẹ́ ya òdòdó sára tìmùtìmù tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń jókòó lé. Èmi fúnra mi tún lọ bẹ̀rẹ̀ súẹ́tà fún Bọ̀dá rẹ, èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi, tí ọwọ́ kan lè dè. Wọ́n ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Èmi, mẹ́rin ni mo ń lé, mo sì tún ń se ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀ fún aláìsàn tó ń ráhùn iyọ̀. Mo máa ń hun ìlà kan, kí n dìde fún un lóògùn. Kí n rán àjákù kan, kí n dìde gbé e lọ sí balùwẹ̀. Bí mo bá fi jókòó padà, mo ti gbàgbé èwo ni mo ń ṣe nínú wọn.

Nítorí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé aṣọ ọmọ náà sórí itan tí mo rí i pé ó ti gùn ju ibi tí mo fi í sí lọ, mo ní oorun ló ń dà mí láàmú. Mo hun tèmi lé e. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, mo gbé e lọ sí ojú fèrèsé, mo sì wò ó dáadáa. Ìwọ náà kọ́ kóróṣè lọ́dọ̀ Màmá, o mọ̀ pé bí ọwọ́ bá ṣe rí ni iṣẹ́ ń rí. Ojú òwú ẹni tó ń fi ọ̀tún hun á dà sí apá kan, ti ẹni tó ń fi òsì hun á dà sí apá kejì. Àwọn ìlà tuntun yẹn dà sí òsì. Wọ́n sì le dan-in, wọ́n fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀ kóróṣè mi kò fi rí ojú wọ̀. Àbúrò mi, ta ni a mọ̀ tó ń fi ọwọ́ òsì hun, tó sì ń fún òwú bí ẹni tó ń bá a jà? Mo ju aṣọ náà sílẹ̀. Ọdún wo la ti sin Màmá?

Ọmọ ilé-ìwé ni ọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ nílé wa, o kì í gbé ọ̀dọ̀ wa, a ò sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Àǹtí wa àgbà ń hun aṣọ fèrèsé fún ilé tuntun rẹ̀. Ara rẹ̀ yá gágá, kò tilẹ̀ wúkọ́. Màmá kàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ iṣẹ́ náà nínú àpótí bí Àǹtí bá ti jáde, ó ń hun ún lọ. Àǹtí bínú, ó ní ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Màmá ní òun náà ò mọ̀, pé ọwọ́ òun ló kàn ń lọ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó hun ún parí ni wọ́n gbé òkú Àǹtí wálé láti ibi iṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ló kan Bàbá, tó ń fi okùn hun ìjókòó àga kan lẹ́yìnkùlé. Màmá bá a parí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Bàbá fi jókòó lé e.

Láti ìgbà náà ni gbogbo ará ilé ti ń fi iṣẹ́ pamọ́ fún un. Àbúrò Màmá, tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni láyé, a máa jókòó lé ìhunṣọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí Màmá bá ti wọlé. Abẹ́rẹ́ á máa gún un nídìí, á sì máa rẹ́rìn-ín kí i káàbọ̀. A fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbàgbé àpótí ní ṣíṣí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí Màmá bá ti ń parí iṣẹ́ nínú ilé kan, ẹnì kan nínú ilé náà ń palẹ̀ mọ́.

Ènìyàn méjì ló wà nínú ilé mi, ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀gbà sì dá dùbúlẹ̀. Ta lo fẹ́ kí n rò? Mo di ẹ̀ṣọ́. Bó bá sùn lọ́sàn-án, mo máa ń gbé etí lé àyà rẹ̀ títí yóò fi lajú, tí yóò fi ìbínú wò mí. Nọ́ọ̀sì tó ń wá na iṣan rẹ̀ ní ó ń dára sí i, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà, mo ní kó tún un yẹ̀ wò. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ sábẹ́ tábìlì ilé ìdáná, mo da aṣọ ìdọ̀tí bò ó. Aṣọ ọmọ náà tún gùn sí i. Òdòdó ara tìmùtìmù onígbàjámọ̀ hu ewé tí mi ò fi abẹ́rẹ́ kàn. Nígbàkigbà tí mo bá sì ti ìta dé, àga kejì tó wà lójú fèrèsé á ti kọjú sí ti Bọ̀dá rẹ, bí ìgbà tí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀. Mo bi í bóyá àlejò wá. Ó wò mí, ó wo àga náà, ó sì di ojú rẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rù pọ̀ jù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí Màmá bí mo bá ti ń wọlé. Mò ń kí àga òfìfo, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọkọ mi sílẹ̀ fún mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jáde lọ ra òwú, mo bá ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tà á ní títì, mo sì tètè padà. Mo jókòó díẹ̀ ní agbede-méjì àtẹ̀gùn kí èémí mi tó balẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe. Ìlẹ̀kùn kò pa dé tán. Mo yọjú, mo sì rí ọkọ mi lójú fèrèsé, tí apẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti dá rìn dé ilé ìdáná, ó sì ti dá wọ́ ọ wá. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tí kò gbọ́ lé aṣọ ọmọ náà bí òkúta tí a fi di bébà mọ́lẹ̀, ó ń fi òsì ti ìwọ̀ bọ̀ ọ́, ó ń fà á yọ, ó ń fún un dan-in. Òun tí kò mú ìwọ̀ kóróṣè rí láyé rẹ̀! Mo bú sẹ́rìn-ín, mo bú sẹ́kún, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. Ẹ̀rù gbogbo ọjọ́ yẹn bọ́ lára mi. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bi í ta ló kọ́ ọ.

Ó ní, "Màmá rẹ."

Mo rọra sọ fún un pé Màmá ti kú.

"Mo mọ̀," ló wí. Ó wá ọ̀rọ̀ títí kó tó rí i. "Ó ní kí n yára. Ó ní ó ti rẹ̀ ọ́ jù, pé o ò ní lè parí ẹ̀."

Dókítà rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọpọlọ tí ẹ̀gbà kọ lù lè máa rí ẹni tí kò sí níbẹ̀, pé ẹni tó ti ń wo ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń hun nǹkan láti ọjọ́ pípẹ́ wá lè ti kọ́ ọ láìmọ̀. Mo gbà. Atúnaagoṣe ni, kí ni òwú máa fi ṣòro fún un? Ṣùgbọ́n bí mo ti kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo rí ohun tí mo ti ń sá fún. Aṣọ fèrèsé Àǹtí ni Màmá hun, Àǹtí ló lọ. Àga Bàbá ló parí, Bàbá ló lọ. Kì í ṣe ẹni tó ń ṣàìsàn nínú ilé ló ń bá ṣiṣẹ́ rí, ẹni tó ni iṣẹ́ ni. Apẹ̀rẹ̀ ta sì ni èyí?

Mi ò sọ fún ọ pé òòyì ń kọ́ mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹsẹ̀ mi ń wú lálẹ́, pé àyà mi ń já bí mo bá gbé e dìde, pé àtẹ̀gùn tí mo ń sáré gùn tẹ́lẹ̀ ti di òkè. Mo ní iṣẹ́ ni, mo ní màá sinmi bó bá yá. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, mo na apá mi sí i. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó tún un wọ̀n, kò sì bá mi ṣàwàdà mọ́. Ó ní bí ọkàn mi ṣe ń lù kò dára, pé wọn yóò dá mi dúró sí ilé ìwòsàn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ Ajé ni. Àbúrò mi, wá bá mi dúró tì í. Mi ò lè fi í sílẹ̀ fún àlejò, mi ò sì fẹ́ kú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí o má baà rò pé mò ń ṣe eré.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ̀ǹda rẹ fún mi. Kí ìyá ọkọ rẹ, kí o sì fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi.

Bí mo ti ń kọ èyí, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lójú fèrèsé. Mo sọ ohun gbogbo fún un láàárọ̀, ìtàn Àǹtí, ìtàn Bàbá, ohun tí nọ́ọ̀sì wí. Ó ní kí n gbé apẹ̀rẹ̀ wá. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ rán àjákù tó gbẹ̀yìn mọ́ aṣọ àwọn olùkọ́. Ó wá mú aṣọ ọmọ náà, tó ku etí kan ṣoṣo kó parí, ó wá ìdí òwú rí, ó sì fà á. Mo pariwo pé ọmọ apoògùn ti bímọ, pé wọ́n ń retí rẹ̀. Ó ń fà á lọ, ìlà lẹ́yìn ìlà, òwú funfun ń dà sẹ́sẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára àga kejì.

"Bí Màmá rẹ bá bi ọ́," ló wí, "sọ pé èmi ni mo tú u. Kó wá bá mi jà."

Mo jẹ́ kó máa tú u.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wo ọ̀nà fún ọ,

Àǹtí Alábẹ́rẹ́.